Ọ̀tún lọ́tọ̀, òsì lọ́tọ̀

Ìró tí mo gbọ́ dà bí ìgbà tí ajá bá fi eyín fọ́ eegun. Mo kọ́kọ́ rò pé nọ́ọ̀tì náà ló gbà fún mi, inú mi ti ń dùn. Ìgbà tí mo yẹ ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì wò ni mo rí i pé nọ́ọ̀tì kankan ò tú. Bọ́ọ̀tì ló kán mọ́ ọn nínú, ó kán péú bí igi ìṣáná. Ọjọ́ kìíní iṣẹ́ nìyẹn, táyà kìíní, mi ò tíì fojú kan bíréèkì rárá.

Dodge Dart ọdún 1966 ni ọkọ̀ náà. Ilẹ̀kùn mẹ́rin, ọ̀dà búlúù tó ti ṣá, ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà tí Chrysler dẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní dígírì 30, èyí tí wọ́n ń pè ní Slant Six. Ẹ́ńjìnnì yìí ò ní wàhálà, ẹ ṣí i báyìí, á dáhùn. Bíréèkì ni kò sí. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ mi á fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀ kí ọkọ̀ tó rántí pé òun ni mò ń bá wí. Tó bá wá rántí, á fà sápá ọ̀tún bí ewúrẹ́ tó rí èèpo iṣu.

Àádọ́ta ọdún ó lé ni ọkọ̀ yìí ti wà láyé kó tó bọ́ sí mi lọ́wọ́, nítorí náà mi ò retí ìyanu. Ohun tí mo retí ni kí n gbé e sókè, kí n yọ táyà mẹ́rin, kí n mọ ohun tó ń ṣe é. Táyà iwájú apá òsì ni mo kọ́kọ́ dojú kọ. Òun náà ló kán mi ní bọ́ọ̀tì.

Bàbá kan wà tí ilé wọn kọjú sí tiwa, òyìnbó Amẹ́ríkà tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tí wọ́n fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn tún ọkọ̀ ṣe kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. "Bàbá" ni mò ń pè wọ́n. Wọ́n ti gbà pé orúkọ wọn nìyẹn lẹ́nu mi, wọn a sì máa jẹ́ ẹ. Wọ́n gbọ́ ìró irin tó kán, wọ́n sọdá títì pẹ̀lú ife kọfí lọ́wọ́, wọn ò tilẹ̀ kí mi.

"Apá ibo lo ń yí i sí?"

"Apá òsì, Bàbá. Bí gbogbo ayé ṣe ń tú nọ́ọ̀tì."

Wọ́n gbé kọfí kalẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi èékánná àtàǹpàkò ha ìpẹtà kúrò lórí bọ́ọ̀tì tó tẹ̀lé e. Wọ́n ha á títí lẹ́tà kan fi yọ lábẹ́ rẹ̀: L.

"O rí i? Òsì nìyẹn. Ọ̀tún ni wàá yí i sí tó o bá fẹ́ kó tú."

Ohun tí mi ò mọ̀ nìyí. Títí di nǹkan bí ọdún 1970, Chrysler, tó ni Dodge àti Plymouth, máa ń ṣe bọ́ọ̀tì táyà apá òsì ní òdìkejì ti apá ọ̀tún. Tó o bá dúró síta, tó o wo táyà apá òsì nígbà tí ọkọ̀ ń lọ síwájú, apá ibi tí nọ́ọ̀tì lásán máa ń tú sí gan-an ló ń yí lọ. Àwọn ẹnjiníà ìgbà yẹn wá ní kí nọ́ọ̀tì má baà máa tú ara rẹ̀ lójú ọ̀nà, kí wọ́n kúkú yí tíréèdì rẹ̀ padà. Pẹ́dà apá òsì kẹ̀kẹ́ ológeere ń lo irú ọgbọ́n yìí dòní olónìí. Ti ọkọ̀ ni wọ́n pa tì, nítorí nọ́ọ̀tì táyà tí wọ́n bá fún dáadáa ò níbi tó ń lọ. Èmi tí mo ń fi gbogbo agbára mi tú nọ́ọ̀tì, fífún ni mo ń fún un. Ká ní Bàbá ò tètè dé ni, márààrún ni ǹ bá kán.

Mo ròyìn fún ìyàwó mi lálẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Bàbá Táyọ̀, ẹ rọra o, kí òsì ọkọ̀ yìí má lọ sọ yín di olóṣì."

Gbogbo ẹni tó mọ̀ pé mo ra Dart ló ti gbà mí nímọ̀ràn kan náà: yọ dúrọ́ọ̀mù dànù, ìyẹn bíréèkì àtijọ́ tó rí bí agolo tó ń yí pẹ̀lú táyà, fi dísíìkì síwájú, ìyẹn irin pẹlẹbẹ róbótó tí bíréèkì ń fún mú látẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kó o sinmi. Mi ò bá wọn jà. Dísíìkì dára. Omi kì í pẹ́ lára rẹ̀, ooru kì í tètè mú un, kò sì sí ẹni tó máa ń jókòó yí ajọ́sítà rẹ̀, ìyẹn súkúrúù eléyín tó ń gùn kí bíréèkì tó ti jẹ lè máa súnmọ́ dúrọ́ọ̀mù. Lọ́dún 1966 yẹn pàápàá, ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ lè sanwó lé e kí wọ́n fi dísíìkì síwájú Dart fún un. Ẹni tó kọ́kọ́ ra tèmi ò san án. Dúrọ́ọ̀mù mẹ́rin ni wọ́n gbé e jáde pẹ̀lú rẹ̀, dúrọ́ọ̀mù onínǹṣì mẹ́sàn-án. Mo fẹ́ mọ bí ọkọ̀ yìí ṣe ń dúró lọ́jọ́ tó jẹ́ tuntun. Mi ò fẹ́ kí n bú ohun tí mi ò tíì rí kó ṣiṣẹ́ dáadáa rí.

Nígbà tí mo sì wá mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣúù méjì ló wà nínú dúrọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan, irin tó tẹ̀ tí wọ́n lẹ láínì, ìyẹn ohun tó ń ha dúrọ́ọ̀mù, mọ́ lójú; wọ́n kọjú síra bí àmì àkámọ́. Lókè, wọ́n fara ti irin kan tó dúró gbọin-in. Nísàlẹ̀, ajọ́sítà ló so wọ́n pọ̀, wọn ò sì kàn án mọ́ ibì kankan. Tó o bá tẹ bíréèkì, wíìlì sílíńdà, ìyẹn páìpù kékeré tí ọ́ìlì bíréèkì ń ti nǹkan jáde nínú rẹ̀, á tì wọ́n síta. Ṣúù iwájú á kan dúrọ́ọ̀mù tó ń yí, dúrọ́ọ̀mù á gbá a mú, á fẹ́ máa gbé e lọ. Kò ríbi lọ. Á ti ajọ́sítà, ajọ́sítà á ti ṣúù ẹ̀yìn, ṣúù ẹ̀yìn á lọ gún irin òkè, á wá fún mọ́ dúrọ́ọ̀mù ju bí ẹsẹ̀ rẹ ṣe lè fún un lọ. Eré tí ọkọ̀ ń sá ló ń lò láti fi dá ara rẹ̀ dúró. Ilé-iṣẹ́ Bendix ni orúkọ irú bíréèkì yìí mọ́ lára. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ irin gidi bí èyí fi lè dúró láìsí ẹ̀rọ kankan tó ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́. Òun náà ló fà á tí láínì ṣúù ẹ̀yìn fi gùn ju ti iwájú lọ: òun ló ń ru ẹrù tó pọ̀ jù.

Àmọ́ ohun tó ń sọ agbára di púpọ̀, á sọ àṣìṣe náà di púpọ̀. Bí apá òsì bá fi díẹ̀ yàtọ̀ sí apá ọ̀tún, ọwọ́ rẹ lórí ìdarí á mọ̀ ọ́n.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣí i.

Dúrọ́ọ̀mù àtijọ́ kì í wá wẹ́rẹ́. Bó bá ti ń jẹ nínú, ètè ìpẹtà á hù yí ẹnu rẹ̀ ká, ṣúù á wá há sẹ́yìn ètè náà. Ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lẹ́yìn táyà tó o máa gbà dé ìdí ajọ́sítà, àmọ́ irin pẹlẹbẹ kan wà tó di eyín rẹ̀ mú kó má baà yí padà sẹ́yìn. Ó di kó o fi súkúrúdiráfà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti irin yẹn sápá kan, kó o fi òmíràn máa yí ajọ́sítà padà, eyín kan, eyín kan, ojú rẹ ò sì rí ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ogójì ìṣẹ́jú ni mo lò lórí ẹyọ kan. Ìka mi ń ṣẹ̀jẹ̀ nígbà tó fi jáde.

Eruku inú rẹ̀ ńkọ́? Ẹ má fẹ́ ẹ. Ẹ má gbá a. Asbẹ́sítọ́ọ̀sì wà nínú láínì ayé ìgbà yẹn, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Inú ọdún 2024 ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ fòfin de irú rẹ̀ tó kẹ́yìn tí wọ́n ṣì ń kó wọlé. Mo wọ ìbòmú tó ní asẹ́ méjì, mo fi omi tó ní ọṣẹ rẹ gbogbo rẹ̀, mo nù ún sínú ike, mo dé e. Bàbá dúró wò mí. Wọ́n ní láyé tiwọn, atẹ́gùn ẹ̀rọ ni àwọn fi ń fẹ́ ẹ, á kún gbogbo ṣọ́ọ̀bù bí ìkùukùu, àwọn á sì jókòó sínú rẹ̀ jẹun ọ̀sán. Wọ́n dárúkọ àwọn ọ̀rẹ́ wọn méjì. Lẹ́yìn náà wọ́n dákẹ́, wọ́n padà sílé.

Ohun tó wà lábẹ́ eruku ló wá tú àṣírí. Wíìlì sílíńdà iwájú apá òsì ti ń jò, ó pẹ́ tó ti ń jò, ṣúù méjèèjì ti mu ọ́ìlì bíréèkì yó, dúdú, wọ́n ń dán. Apá òsì kì í mú mọ́, ọ̀tún nìkan ló ń dá ọkọ̀ dúró, ìdí nìyẹn tó fi ń fà sí ọ̀tún. Ìyẹn yé mi. Èyí tí ò yé mi ni pé ajọ́sítà apá òsì yìí ti wọlé tán pátápátá, bí ẹni pé ẹnì kan jókòó tì í tó ń yí i padà. Ọkọ̀ yìí wà lára àwọn tó ń fún bíréèkì ara wọn. Tó o bá fà sẹ́yìn, tó o sì tẹ bíréèkì, wáyà kan á gbé irin pẹlẹbẹ yẹn, irin náà á ta ajọ́sítà ní eyín kan síwájú. Láínì ń jẹ, ajọ́sítà ń gùn, ẹsẹ̀ rẹ ò ní mọ̀.

Mo nu ajọ́sítà náà mọ́, mo gbé e sábẹ́ iná. Lẹ́tà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. R.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gáréèjì. Ẹni tó ṣe bíréèkì yìí kẹ́yìn, ta lẹni náà, ìgbà wo ni, Ọlọ́run ló mọ̀, ó fi ajọ́sítà apá ọ̀tún sí apá òsì. Tíréèdì ajọ́sítà méjèèjì kò dọ́gba, ọ̀kan ń yí síhìn-ín, èkejì ń yí sọ́hùn-ún, nítorí irin pẹlẹbẹ ń ta wọ́n láti ìhà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Tó o bá ṣì wọ́n gbé, gbogbo ìgbà tó yẹ kó fún, á tú ni. Láti ọjọ́ tí mo ti ra ọkọ̀ yìí ni mò ń fà á sẹ́yìn jáde ní gáréèjì láràárọ̀, mò ń tẹ bíréèkì lẹ́nu ọ̀nà kí n tó bọ́ sí títì, mo sì ń fi ẹsẹ̀ ara mi tú bíréèkì ara mi, eyín kan lójúmọ́.

Ìmọ̀ràn tí wọ́n máa ń fún ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí ni pé kó tú apá kan ṣoṣo, kó fi apá kejì ṣe àwòkọ. Ó dára, bí ẹni tó ṣíwájú bá ṣe é re. Mo lọ tú apá ọ̀tún wò. Ajọ́sítà tó ní L ló wà níbẹ̀.

Ti wíìlì sílíńdà ò gba àkókò. Ọ́ìlì bíréèkì DOT 3 máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, omi náà á sun sísàlẹ̀ sílíńdà, á máa jẹ irin níbẹ̀. Méjì nínú mẹ́rin ni mo lè fi òkúta ìlọ̀ kékeré fọ̀ tí ara rẹ̀ á dán. Àwọn méjì yòókù ní ihò tí èékánná ń bọ́ sí. Kò sí rọ́bà tó máa dí irú ìyẹn. Òsì méjèèjì ló bàjẹ́, àmọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo ra tuntun, mi ò fẹ́ kí òsì jẹ́ ọmọdé kí ọ̀tún jẹ́ àgbà.

Dúrọ́ọ̀mù ńkọ́, mo kó wọn lọ fún ẹni tó ń fá a. Ínǹṣì 9 géérégé ni inú rẹ̀ nígbà tó jẹ́ tuntun. Tó bá ti ju 9.060 lọ, ìyẹn tó bá ti fi nǹkan bíi mílímítà kan àtààbọ̀ fẹ̀ ju ti tuntun lọ, kò gbọ́dọ̀ padà sórí ọkọ̀ mọ́, torí á fẹ́lẹ́ jù, ooru lè là á. Mẹ́ta yè é. Ẹ̀kẹrin ti kọjá ààlà kí ẹ̀rọ tó kàn án, mo bá wá òmíràn tó ti pẹ́ àmọ́ tí wọn ò tíì fá rí.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí rèé, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọ pé dúrọ́ọ̀mù ò dáa. Mo ra ṣúù tuntun, mo fi ẹfun kun ojú láínì rẹ̀ látòkè délẹ̀, mo gbé dúrọ́ọ̀mù dojú bolẹ̀ sórí tábìlì, mo fi ṣúù ra inú rẹ̀ lọ ra inú rẹ̀ bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo gbé e sókè, àárín nìkan ni ẹfun ti pa rẹ́, ibi tó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta. Òkè funfun báláú, ìsàlẹ̀ funfun báláú. Wọ́n ti fá dúrọ́ọ̀mù, ó ti fẹ̀ sí i; ṣúù ṣì tẹ̀ bíi ti dúrọ́ọ̀mù tuntun. Ìka mẹ́ta pere ló máa dá ọkọ̀ yìí dúró. Ẹni tó bá dè é báyìí, tó wà á lọ, á ní bíréèkì ò lágbára, á lọ ra dísíìkì.

Láyé àtijọ́, ṣọ́ọ̀bù tó bá fá dúrọ́ọ̀mù fún ẹ ló máa fá ṣúù bá a mu. Ẹ̀rọ yẹn ti di ọ̀wọ́n, torí eruku asbẹ́sítọ́ọ̀sì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Mo rí ibì kan tí wọ́n ṣì ń ṣe é, tí wọ́n ń lẹ láínì tuntun mọ́ ṣúù àtijọ́. Mo fi dúrọ́ọ̀mù àti ṣúù ránṣẹ́ pọ̀, mo fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan: iwájú òsì, iwájú ọ̀tún, ẹ̀yìn òsì, ẹ̀yìn ọ̀tún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi dúró. Ìgbà tí wọ́n dé, mo tún fa ẹfun. Ó pa rẹ́ láti òkè títí fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìsàlẹ̀, ó kù bín-ín-tín ní etí méjèèjì, bó ṣe yẹ kó rí gan-an. Mo pe ìyàwó mi kó wá wò ó. Ó wò ó, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́," ó padà sídìí ohun tó ń ṣe.

Ohun kan ṣoṣo ni mo yí padà lára ohun tí ilé-iṣẹ́ gbé e jáde pẹ̀lú. Ọkọ̀ ọdún 1966 ní másítà oníyàrá kan, ìyẹn sílíńdà àgbà tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ tó ń ti ọ́ìlì bíréèkì lọ sí táyà. Páìpù kan ló bẹ́, táyà mẹ́rin ló pàdánù bíréèkì. Ọdún 1967 ni Dart bẹ̀rẹ̀ sí í lo oníyàrá méjì, iwájú lọ́tọ̀, ẹ̀yìn lọ́tọ̀, tí ọ̀kan bá kú èkejì á ṣì dúró. Mo ti pinnu tẹ́lẹ̀ pé mi ò ní fọwọ́ kan án, gbogbo nǹkan gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyá Táyọ̀ bi mí pé ibo ni Táyọ̀ á máa jókòó sí nínú ọkọ̀ yìí. Mo lọ ra másítà ti 1967, mo tẹ páìpù tuntun sí i.

Ó ku fífà atẹ́gùn jáde nínú páìpù bíréèkì. Iṣẹ́ yìí nìkan ni ẹnì kan ò lè dá ṣe dáadáa. Ìyá Táyọ̀ jókòó sídìí ìdarí, èmi wà lábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí mo ti bọ ẹnu rẹ̀ sínú ìgò. Ẹ̀yìn ọ̀tún la ti bẹ̀rẹ̀, torí òun ló jìnnà jù sí másítà.

"Tẹ̀ ẹ́!"

"Mo ti tẹ̀ ẹ́."

"Dì í mú, má fi sílẹ̀!" Mo tú nọ́ọ̀tì kékeré, ọ́ìlì jáde, atẹ́gùn ń hó nínú ìgò. Mo dé e. "Fi sílẹ̀."

"Mo ti fi sílẹ̀."

A sọ ọ́ títí ó fi dà bí ìjálá. Táyọ̀ ti mọ̀ ọ́n sórí, ó ń gbè é lẹ́yìn. Nígbà tá a dé iwájú òsì, tó jẹ́ ìparí, mo gbàgbé, mo tú nọ́ọ̀tì kí n tó ní kó tẹ̀ ẹ́, atẹ́gùn wọlé padà, a tún un ṣe. Díẹ̀ ta sí ara fẹ́ńdà. Ọ́ìlì yìí máa ń bó ọ̀dà, mo sáré da omi sí i, ṣùgbọ́n àmì kékeré kan ti wà níbẹ̀ títí láé. Ó jọ àwòrán erékùṣù.

Nígbà tó yá, ohùn Ìyá Táyọ̀ yí padà. "Ó ti le o. Kò lọ sílẹ̀ mọ́. Ó dúró lókè."

Mo wà á jáde lọ́jọ́ kejì, Bàbá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. A lọ síbi ìgbọ́kọ̀sí gbalasa kan tí kò sí ọkọ̀ níbẹ̀. Mo kọ́kọ́ dúró wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ìgbà ogún kí láínì lè mọ ojú dúrọ́ọ̀mù, mo ń jẹ́ kó tutù láàárín. Lẹ́yìn náà, mo fà sẹ́yìn, mo tẹ̀ ẹ́, mo fà sẹ́yìn, mo tẹ̀ ẹ́. A gbọ́ tí ajọ́sítà ń ta: kẹ́. Kẹ́. Bàbá gbé ìka kan sókè. "Fífún nìyẹn," ni wọ́n wí. Mo wá sáré dé máìlì ọgbọ̀n, mo gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò lórí ìdarí, mo tẹ̀ ẹ́. Imú rẹ̀ tẹ̀ sílẹ̀, ọkọ̀ dúró. Ìlà funfun tó wà láàárín táyà mi méjèèjì kí n tó tẹ̀ ẹ́ náà ló wà láàárín wọn nígbà tá a dúró. Bàbá na ọwọ́ síta lójú fèrèsé, wọ́n gbá ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni gbá ẹṣin lẹ́yìn.

Ìyẹn ti ń lọ sí oṣù méjì. Láàárọ̀ àná, mo bẹ̀rẹ̀ láti gbé bọ́ọ̀lù Táyọ̀ tó yí wọ abẹ́ ọkọ̀, mo rí epo tó kán sílẹ̀ nínú táyà ẹ̀yìn, ó tó owó ẹyọ kan. Ọkàn mi já. Mo fi ìka kàn án, mo gbóòórùn rẹ̀. Kì í ṣe ọ́ìlì bíréèkì, ó nípọn, ó ń rùn bí epo jíà. Síìlì àsíìlì, rọ́bà tó ń dí epo mọ́ ìdí irin tó ń yí táyà, ló ti gbó, tí mo bá sì fi falẹ̀, á dé orí ṣúù tí mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dúró dè. Ẹ ò ní láti bi mí pé apá ibo ni. Mo ti gbé jáàkì sábẹ́ rẹ̀, mo ti ha ìpẹtà kúrò lórí bọ́ọ̀tì, mo ti rí L, mo ń yí nọ́ọ̀tì lọ sí ọ̀tún.